Kí Adìyẹ Dúdú Tó Dé Ìwàré

Àlejò tó bá wọ ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìwàré kì í kọ́kọ́ bi mí léèrè iye ẹyin tí àwọn adìyẹ mi ń yé. Ọ̀rọ̀ ẹbọ ni wọ́n máa ń béèrè. Adìyẹ dúdú tó pọ̀ báyìí, tí kò sí ẹyọ funfun kan láàárín wọn, kí ni Tíṣà fẹ́ fi wọ́n ṣe? Aládùúgbò mi kan tiẹ̀ sọ fún mi lójúkojú pé òun ò ní fẹnu kan ẹyin wọn títí òun á fi mọ ìdí ọ̀rọ̀. Mo ní kò burú. Ẹyin tí kò jẹ yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà ni ìran adìyẹ náà ti ṣẹ̀ wá. Australorp ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Adìyẹ Tíṣà ló ń jẹ́ ní àdúgbò wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ìgbà kan tí ẹnì kan ò máa gbé adìyẹ tuntun wá sí agbègbè Afijio yìí, láti Fìdítì títí dé Ìlọrà àti Awẹ́, tí á ní èyí ni yóò gba ipò àwọn tó wà nílẹ̀. Ìjọba gbé tirẹ̀ wá, yunifásítì gbé tirẹ̀ wá, àwọn oníṣòwò náà ò gbẹ́yìn. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bi àwọn ìyá wa pé irú adìyẹ wo ni wọ́n ti ń ṣà bọ̀. Èrò wọn ni pé adìyẹ ìbílẹ̀ kàn ń jẹ̀ kiri ni, pé àkùkọ tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé ló ń gùn ún. Irọ́ ni.

Adìyẹ ni ìyá tó bí màámi ń rà tà. Á yí àwọn abúlé oko ká, á ra méjì níhìn-ín, á ra mẹ́ta lọ́hùn-ún, á kó wọn sínú àgò, á gbé wọn lọ sí Fìdítì fún àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló ń gbà lọ. Kì í ra adìyẹ lójú lásán. Á gbé e sún mọ́ etí, á gbọ́ bóyá àyà rẹ̀ ń dún hẹrẹhẹrẹ. Á wo ogbe rẹ̀, á tẹ àyà rẹ̀, á ṣí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ àgbébọ̀, á fi ìka wọn àárín egungun ìdí rẹ̀. Bí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá gba ibẹ̀, ó ń yé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló gbà, ó ti dákẹ́ ẹyin nìyẹn. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n fún wa ní ìwé ìmọ̀ ọ̀gbìn kan tó ṣàlàyé ọgbọ́n yìí kan náà pẹ̀lú àwòrán. Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n lé mi jáde ní kíláàsì.

Àwọ̀ ló ń sọ owó. Àwọn olórìṣà funfun kì í ná adìyẹ funfun ní ìnákúnàá. Ẹni tí babaláwo ní kó wá adìyẹ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ jiyàn. Èyí tí owó rẹ̀ ń yá jù lọ ni adìyẹ ìrànà, tí wọ́n ń tu ìyẹ́ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà bí wọ́n bá ń gbé òkú àgbà lọ. Òkú kì í dúró kí wọ́n nájà tán. Aṣá tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, àti èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, tí a ń pè ní abọ́lọ́rùn, oníṣègùn ló sábà máa ń béèrè wọn. Àwọn yòókù kì í fẹ́ ojú wọn rí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ láyé tó láti bí ọmọ púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rùn ìhòòhò yìí ṣì ń bọ̀.

Bí obìnrin kò bá ní adìyẹ, á gba àgbébọ̀ kan sìn lọ́wọ́ ẹni tó ní. Bó bá pa ọmọ tí ọmọ sì dàgbà, wọ́n á pín in, ìyá adìyẹ á wà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n á so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n gé orí ọmọ ìka kan, kó má bàa sí ìjà. Ẹ wo ohun tí àṣà yìí ń ṣe láìpariwo. Adìyẹ tó bá ń tẹ ẹyin fọ́, tó ń fi ọmọ sílẹ̀ fún àwòdì, ẹnikẹ́ni kì í gbà á sìn. Inú ọbẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó bá pa mẹ́wàá tó sì tọ́ mẹ́jọ dàgbà, òkìkí rẹ̀ á dé abúlé kejì, wọ́n á máa tọrọ ọmọ rẹ̀. Ìyá mi àgbà lè rin ìrìn wákàtí kan nítorí àkùkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ bá ejò jà. Bí wọ́n bá ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé bí ti àwọn ọ̀mọ̀wé, onímọ̀ ìran adìyẹ ni wọn ì bá pè é, wọn ì bá sì fún un ní yàrá àti òṣìṣẹ́.

Ẹyin náà ní òfin tirẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Èmi náà fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, torí mo ti kọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore nílé ìwé. Àgbà ti dé báyìí, mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ ń yé bí ẹyin mẹ́wàá, á sàba, á tọ́mọ, á tún yé. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún, àpapọ̀ ẹyin rẹ̀ kì í sì í sábà ju 30 sí 40 lọ. Ẹni tó bá gbé ẹyin mẹ́wàá yẹn fún ọmọ jẹ, adìyẹ ọdún tó ń bọ̀ ló gbé fún un. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí oúnjẹ ń wù, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀rù olè á bà á. Abẹ́ ẹyin tí adìyẹ bá ń sàba lé, ìyá mi àgbà máa ń fi èédú díẹ̀ sí i nígbà òjò, kí àrá má bàa ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Ìṣirò ti èyí kò tíì yé mi, ṣùgbọ́n mo ń fi èédú sí tèmi.

Ṣé adìyẹ ìbílẹ̀ yìí jẹ́ ìbílẹ̀ lóòótọ́? Nínú ìtàn Ifẹ̀, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan iyẹ̀pẹ̀ ká tí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ó ti wà ṣáájú gbogbo wa nìyẹn. Àwọn tó ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ ní tiwọn sọ pé Éṣíà ni ìran adìyẹ ti wá, lára ẹyẹ igbó kan tó ṣì wà lọ́hùn-ún dòní. Ní Kirikongo, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, wọ́n rí egungun adìyẹ tó ti lé ní 1,300 ọdún. Nígbà tí Clapperton àti Lander gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1825 sí 1826, adìyẹ wà lára ohun tí àwọn baálẹ̀ fi ń ṣe wọ́n lálejò lójú ọ̀nà. Àlejò àtijọ́ ló ti di onílé, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo adìyẹ tó wọ Ìwàré lẹ́yìn rẹ̀ ń wá bí òun náà á ṣe dà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dán onílé yìí wò jù lọ ni lúkúlúkú. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, adìyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lọ́sàn-án gangan, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á lọ́, kó tó tó ọjọ́ mélòó kan ẹ̀yìnkùlé á ti dá páropáro. Láti Dìsẹ́ńbà 1952 sí Fẹ́búárì 1953, ó jà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn mẹ́ta, Hill, Davis àti Wilde, fi kọ ọ́ sínú ìwé pé àrùn Newcastle ni. Àrùn yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1926, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní erékùṣù Java. Ti Ìbàdàn yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjòjòló ni mí nígbà náà, àgbọ́sọ ni tèmi. Màámi ní ìyá òun kó gbogbo àgò tó ní jọ lọ́jọ́ kan, ó dáná sun wọ́n. Ó ní àgò òfo tí ọkọ̀ ń gbé bọ̀ láti Ìbàdàn ló kó ikú wálé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, àgò àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn dókítà ẹran ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ dòní, torí kòkòrò àrùn náà ń gbé inú ìgbẹ́ adìyẹ.

Àwọn tó kù lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn ni wọ́n fi tún ìran dá. Bí ó ṣe rí nìyẹn lọ́dọọdún: àrùn á ṣà, ìyá mi àgbà á tún ṣà lẹ́yìn àrùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni adìyẹ òyìnbó ń wọlé. Oko ìwádìí wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 náà ń sin adìyẹ, Hill àti Modebe sì tẹ ìròyìn iṣẹ́ yẹn jáde ní 1961. Rhode Island Red, adìyẹ pupa ńlá láti Amẹ́ríkà, ni gbogbo wọn ń yìn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Áfíríkà, wọ́n ṣe ètò pàṣípààrọ̀ àkùkọ: kí àwọn ará abúlé mú àkùkọ kúkúrú tiwọn wá, kí wọ́n gba àkùkọ òyìnbó, kí ọmọ lè tóbi, kí ẹyin lè pọ̀. Èrò náà dára lórí tábìlì. Ọ̀gá Àgíríìkì kan dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, ó gbé àkùkọ pupa kan dání tó wúwo bí ọmọ ọwọ́. Màámi ló sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ láàárín òun àti ìyá rẹ̀.

“Ọmọ mi, ìyá adìyẹ yìí ń sàba bí?”

“Kò nílò kó sàba mọ́, Ìyá. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn pa á.”

“Ó dáa. Ẹ̀rọ ọ̀hún, ṣé ẹ óò gbé òun náà wá sí Ìwàré?”

Ọ̀gá ò ní èsì. Ẹ má rò pé ìyá mi àgbà kórìíra ohun tuntun. Òun ló kọ́kọ́ ra fìtílà onígíláàsì ní agboolé wa. Ohun tó rí ni pé adìyẹ tí kò lè sàba, lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ọmọ rẹ̀ máa wà títí ayé. Ó gba àkùkọ náà ṣá, ó fi gun àgbébọ̀ méjì tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sanra lóòótọ́. Àwòdì fẹ́ràn wọn, nítorí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Lúkúlúkú sì mú àkùkọ pupa náà lọ ní ọyẹ́ kejì.

Ètò ìjọba tó tóbi jù lọ tó súnmọ́ wa ni àgọ́ oko Ìlọrà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ fún wọn ní ìlú. Láti 1959, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àgọ́ oko sílẹ̀ káàkiri, ní àwòṣe abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ísírẹ́lì, kí àwọn ọ̀dọ́ lè gba ilẹ̀ àti ilé, kí wọ́n sì máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ sí ti Ìlọrà. Ìgbà tó bá wálé ọdún, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ń sọ fún wa nípa ilé adìyẹ tó ní páànù lórí, adìyẹ inú rẹ̀ kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ti pò pọ̀ sì ń ti inú àpò jáde. Àwa ọmọdé rò pé ó ń parọ́ ni. Ìyá mi àgbà bi í pé ta ló ń ra oúnjẹ náà. Ó ní ìjọba. Ìyá mi àgbà ní, “Hùn-ún.”

Hùn-ún yẹn pẹ́ kó tó já, ṣùgbọ́n ó já. Láti 1970 síwájú, owó epo rọ̀bì pọ̀, ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò “Operation Feed the Nation” ní 1976, gbogbo olùkọ́ tó ní gáréèjì ló di olówó pọ́tírì. Èmi náà sin ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú bàtìrì. Ẹyin ń ya wálẹ̀ ní kéréètì, àwọn oníbúrẹ́dì ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó di 1986 tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, àwọn oògùn àti èròjà oúnjẹ adìyẹ tó ń ti òkè òkun wá di ohun tí a ń wò lókèèrè, ilé adìyẹ di ilé tí a ń kó iṣu sí. Àwọn tó forí tì í tún pàdé àrùn ọ̀fìnkìn adìyẹ H5N1, tó kọ́kọ́ fojú hàn ní Áfíríkà ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní Fẹ́búárì 2006. Ẹyin ò tà mọ́ níbì kankan fún ìgbà díẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, adìyẹ ìbílẹ̀ ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń jẹ èèrí ògì àti èèpo ẹ̀gẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo mọ Australorp. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn tó ń sin oríṣiríṣi adìyẹ ló fún mi ní ẹyin, ìtàn wọn ló sì mú kí n gbà á. Ní 1886, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Cook, tó ń gbé ìlú Orpington ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Minorca, Langshan àti Plymouth Rock ṣe ìdàpọ̀ adìyẹ dúdú kan. Wọ́n ní ó mú dúdú kí èéfín Lọ́ńdọ̀nù má bàa hàn lára rẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó gba adìyẹ yìí fẹ́ràn ẹwà. Wọ́n ń ṣa èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kún tó sì rí bọ̀lọ̀jọ̀, kí ó lè gba ẹ̀bùn níbi ìpàtẹ, títí tó fi ń gbàgbé ẹyin. Àwọn tó kó o lọ sí Ọsirélíà ní tiwọn kò ní àyè ẹwà. Ẹyin ni wọ́n ń ṣà. Ìran adìyẹ kan náà, ilé méjì, ojú méjì tó ń ṣà á: nígbà tó fi máa di 1922, wọ́n ti di adìyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní Geelong, ní ìpínlẹ̀ Victoria, wọ́n kó àgbébọ̀ mẹ́fà sínú ìdíje ẹyin ní 1922 sí 1923. Láàárín ọjọ́ 365, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yé ẹyin 1,857. Ẹ pín in: ó lé ní 309 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí iná mànàmáná tí wọ́n tàn lé wọn lórí. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo rántí àgbébọ̀ ìyá mi àgbà tí ń fi ẹyin 40 ṣe ọdún kan, tí gbogbo ilé sì ń kí i kú iṣẹ́.

Ẹyin nìkan kọ́ ló wù mí. Ẹ̀rọ lè mú ẹyin wá. Ohun tó wù mí ni pé adìyẹ yìí ṣì mọ ilẹ̀ í tan, ara rẹ̀ balẹ̀, nígbà mìíràn ó sì máa ń sàba. Àwọn ará Màláwì ti rí èyí tipẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìjọba wọn ti ń sin Australorp ní Mikolongwe, tí wọ́n ń pín in fún àwọn ará abúlé kí ó lè bá tiwọn dàpọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marais fi Australorp àti Leghorn funfun àti Plymouth Rock dá Koekoek sílẹ̀ ní Potchefstroom láàárín 1950 sí 1960. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni òun náà.

Mo gbọ́dọ̀ yanjú ohun kan, torí ó ń fa ìjà láàárín èmi àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin adìyẹ. Kì í ṣe gbogbo adìyẹ dúdú tó ń yé dáadáa ni Australorp. Àwọn dúdú tí wọ́n ń tà ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Harco tàbí Nera ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe Harco ni pé wọ́n á fi àkùkọ Rhode Island Red gun Plymouth Rock alábàrà funfun àti dúdú. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde, èyí tó ní àmì funfun ní àtàrí jẹ́ akọ, èyí tó dúdú lórí jẹ́ abo. Ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn, kí wọ́n má bàa bọ́ akọ lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Harco gun Harco, àwọ̀ àti ìwà ọmọ á fọ́n ká. Ọmọ Harco kì í ṣe Harco. Ẹ ní láti padà lọ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Australorp gidi, dúdú ló ń bí dúdú. Ìbéèrè tí ìyá mi àgbà bi Ọ̀gá Àgíríìkì ni mo gbé ka iwájú mi kí n tó yan èyí tí mo yàn.

Àkùkọ kan ni mo máa ń fi fún àgbébọ̀ mẹ́jọ. N kì í gbẹ́kẹ̀ lé wọn fún sísàba. Ẹyin wọn, mo ń gbé e sábẹ́ àgbébọ̀ ìbílẹ̀, tí kò mọ nǹkan mìíràn láyé ju kó sàba. Ní ọjọ́ keje mo máa ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin lóru, èyí tí kò ní iṣan nínú á jáde. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ọmọ dúdú tí ikùn rẹ̀ funfun dé. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé wọ́n ní funfun lára. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ló ń lọ, títí ìyẹ́ wọn á fi dúdú, tí oòrùn bá sì tàn sí i, á máa kọ mọ̀nà bí àwọ̀ ewé. Mo ń wá ikán fún wọn bí ìyá mi àgbà ṣe ń wá a, ìkòkò tí a dà dé orí ìgbẹ́ màlúù tútù. N kì í jẹ́ kí bàbá gun ọmọ rẹ̀; bí àwọn àgbébọ̀ tuntun bá ti tó gùn, mo ń pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni o, pàṣípààrọ̀ àkùkọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwa méjèèjì la mọ ìyá àkùkọ.

Ẹyin wọn kò sún mọ́ ti Geelong rárá. Àgbàdo àti èèrí ni wọ́n ń jẹ, oòrùn ọ̀sán Ìwàré kì í ṣe ọ̀rẹ́ adìyẹ dúdú. Bó bá ti di aago méjìlá, abẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo wọn ń sá sí, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yé ju ti ìbílẹ̀ lọ dáadáa. Ní ti lúkúlúkú, àjẹsára Lasota ni mo gbójú lé, èyí tí wọ́n ń fi sínú omi mímu. Ìgò tó kéré jù pọ̀ ju adìyẹ tèmi lọ fíìfíì, kò sì ṣe é tọ́jú bí wọ́n bá ti ṣí i tán. Nítorí náà, ṣáájú ọyẹ́, mo ń ké sí gbogbo agboolé: a ó dá owó jọ, ọmọ kan á gbé kúlà oníyìnyín lọ rà á bọ̀, gbogbo adìyẹ àdúgbò á mu omi kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Aládùúgbò mi tí kì í jẹ ẹyin mi, ó máa ń dá owó tirẹ̀ pé.

Ní báyìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ti yí ojú padà sí ilé. Ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Adebambo àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìyẹ ìbílẹ̀ wa, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń dà á pọ̀, títí ìjọba fi forúkọ FUNAAB Alpha sílẹ̀ ní 2018. Wọ́n kò ju abọ́lọ́rùn àti aṣá nù nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí i pé ọrùn ìhòòhò ń jẹ́ kí ooru tètè kúrò lára adìyẹ. Adìyẹ tí gbogbo wa ń fi fún oníṣègùn! Èyí tó sún mọ́ mi jù ni Noiler, tí ilé iṣẹ́ Amo gbé jáde ní 2014 láti Awẹ́ níbí, láàárín Afijio wa. Àwọn obìnrin kan ń gba ọmọ ọjọ́ kan, wọ́n á tọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi lè dá dúró, wọ́n á wá tà á fún àwọn ará abúlé. Mo ra mẹ́wàá. Ẹran wọn pọ̀, wọ́n lágbára, àkùkọ wọn sì kún ìkòkò lọ́jọ́ ọdún. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi, tí mo kọ́ ìyá rẹ̀ ní ìwé kẹta, ní, “Màámi, ẹ má wulẹ̀ fi wọ́n gun ara wọn o, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ ti máa ra òmíràn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa wí nìyẹn, kò sì parọ́: oníṣòwò gbọ́dọ̀ jẹun. Mo kàn rò ó pé ìyá mi àgbà ì bá ṣe “hùn-ún” rẹ̀.

Mo ti wá abọ́lọ́rùn báyìí. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀kan, ọ̀dọ̀ Fúlàní kan lẹ́yìn Fìdítì ni mo ti rà á, àkùkọ pupa tí ọrùn rẹ̀ dà bí ti igún. Mo fi gun àgbébọ̀ dúdú mẹ́rin. Ọrùn ìhòòhò yìí máa ń lágbára nínú ẹ̀jẹ̀: bí òbí kan ṣoṣo bá ní i, ó lè hàn lára ọmọ, àmọ́ ìṣù ìyẹ́ kékeré kan máa ń wà níwájú ọrùn rẹ̀ láti fi hàn pé apá kan ló ti jogún rẹ̀. Nínú àwọn tó ti pa báyìí, díẹ̀ ju ìdajì lọ ló ní ọrùn ìhòòhò. Púpọ̀ wọn dúdú, pupa díẹ̀ sì wà lọ́rùn àwọn akọ. Wọ́n burẹ́wà gan-an ni. Ní ọ̀sán, àwọn dúdú gidi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ máńgòrò nígbà tí àwọn wọ̀nyí ṣì ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mo ti so àkísà pupa mọ́ akọ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ nínú wọn. Bí ọyẹ́ bá kọjá, màá mọ èyí tí màá dá sí fún ọdún tó ń bọ̀, èyí tí màá fún aládùúgbò mi, àti èyí tó ń lọ sínú ọbẹ̀.